Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Ọgbà: Ẹ̀kọ́ Lórí Kíkọ́ Nǹkan àti Títọ́jú Rẹ̀

 Ní àsìkò ayẹyẹ bí èyí, ọ̀rọ̀ ilé tuntun, ẹ̀rọ tuntun àti ẹ̀bùn tuntun ni ó máa ń gba ẹnu wa kan. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí lónìí kéré ju ìwọ̀nyí lọ. Ọkọ̀ ojú irin tí gíga rẹ̀ kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan ni, tí àwọn ènìyàn ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà máa ń tẹ́ ọ̀nà rẹ̀ sí inú ọgbà ilé wọn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó máa rìn ní ìta gbangba fún ọdún mẹ́wàá, nínú òjò àti nínú oòrùn, yóò rí i pé iṣẹ́ àgbà ni.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀

Ní ọdún 1874, Sir Arthur Heywood bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin sí orí ilẹ̀ olókè tí ó yí ilé rẹ̀ ká ní Duffield, ní ẹkùn Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbú ojú irin náà kò ju íǹṣì 15 lọ. Kì í ṣe eré ni ó fi í ṣe. Ó fẹ́ fi han àwọn onílẹ̀ ńlá pé ọkọ̀ kékeré lè ru ẹrù oko. Ní ọdún 1896 ó parí irú rẹ̀ kan sí Eaton Hall fún Duke ti Westminster. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin tiwa láti Èkó, èyí tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ tún mọ̀ pé Heywood yìí kan náà ni ó ṣe aṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1891.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ọgbà lónìí kéré ju ti Heywood lọ jìnnà. Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Lehmann, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní LGB jáde. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da ìta. Ìbú ojú irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45.

Ìṣirò tí ó wà nínú ìwọ̀n

A fi ọkọ̀ LGB wé ọkọ̀ gidi ní ìwọ̀n 1 sí 22.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ó bá gùn ní mìlímítà 22.5 ní ayé gidi, mìlímítà kan péré ni yóò jẹ́ nínú ọgbà. Ènìyàn tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 yóò di ère tí ó ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méje àti ààbọ̀. Ojú irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan yóò di nǹkan bí mìlímítà 44, ìdí nìyí tí 45 fi bá a mu. Ojú irin àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 1067. Bí a bá pín in sí 22.5, yóò jẹ́ nǹkan bí 47. A rí i pé ìyàtọ̀ kékeré ni ó wà láàárín ọ̀nà inú ọgbà yìí àti ọ̀nà tí àwọn bàbá wa wọ lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ tí ìṣirò ìpín ń dẹ́rù bà nínú ìwé kì í sábà bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ bí ó bá jẹ́ pé ilé kékeré tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ́ ni ó ń wọ̀n.

Ìpìlẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kò mọ ìtàn ẹni tí ó kọ́lé sórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ojú irin rí. Bí a bá kàn gbé irin lé orí ilẹ̀, òjò kan ṣoṣo tó láti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà a ó gbẹ́ yàrà tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. A ó tẹ́ aṣọ tí omi lè kọjá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí èpò kò lè gbà hù jáde, sí ìsàlẹ̀ yàrà náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó da òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ́ sí i, tí a ó sì kì í mọ́lẹ̀. Òkúta tí etí rẹ̀ mú ni a ń fẹ́, nítorí pé irú wọn máa ń di ara wọn mú. Òkúta róbótó inú odò máa ń yí kúrò lábẹ́ irin ni.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà tẹ́jú. Bí ó bá di dandan kí ó gun òkè, sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan dára. Bí ó bá ti kọjá 4, ọkọ̀ tí ó fa ẹrù yóò máa yọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó há. Àwọn ọkọ̀ kékeré lè yí nínú òbìrípo tí ó fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí òbìrípo bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ha irin.

Oòrùn àti iná mànàmáná

Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe irin ọ̀nà náà, idẹ a sì máa gùn bí ó bá gbóná. Bí ọ̀nà bá gùn ní mítà 10, tí ooru sì fi ìwọ̀n Celsius 30 lé sí i láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán, irin náà yóò gùn sí i ní nǹkan bí mìlímítà 6. Bí kò bá sí àlàfo láàárín irin kan àti èkejì, ọ̀nà yóò wọ́. Ẹni tí ó bá ń tẹ́ irin ní òwúrọ̀ kùtùkùtù gbọ́dọ̀ rántí ọ̀sán.

Inú irin yìí náà ni iná mànàmáná máa ń gbà dé ẹ̀ńjìnnì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin máa ń mú kí ojú idẹ ṣú, iná kì í sì í kọjá dáadáa mọ́. A gbọ́dọ̀ máa nù ún nígbà gbogbo. Àwọn mìíràn máa ń fi bátìrì sínú ọkọ̀ láti bọ́ nínú wàhálà yìí. Àwọn mìíràn sì ń lo ẹ̀ńjìnnì kékeré tí ń fi gáàsì se omi, tí ọ̀yàyà omi náà sì ń tì í lọ.

Ìtọ́jú

Ibi yìí ni iṣẹ́ wà. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ewé máa ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ nígbà tí igi bá ń wọ́wé. Nígbà òtútù, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín, ó sì ń ti irin sókè. Ní ilẹ̀ tiwa, òjò alágbára, eruku ọyẹ́ àti ikán tí ń jẹ pákó ni a ó máa bá jà. Níbi gbogbo, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ ni èpò ṣe ń wọ ojú irin. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbá ọ̀nà kí ó tó gbé ọkọ̀ lé e, tí ó ń wo ìtẹ́jú rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, tí ó sì ń da òkúta kún un lọ́dọọdún, yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ọdún kejì kò ní bá ọkọ̀ rẹ̀ lórí ìrìn.

Ohun tí ó kàn wá

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín kò fara sin. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìlù àti ijó gbà ti di ibùgbé aláǹtakùn kí ọdún tó yí po. Kì í ṣe pé àwọn olùfúnni kò lawọ́. Wọ́n ra ọkọ̀, wọn kò ra ìgbálẹ̀. Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò fi ẹ̀bùn sọrí àjọ̀dún yìí pé kí wọ́n ṣe ohun mẹ́ta: kí wọ́n ya apá kan owó sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí yóò máa mójú tó o, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má bàa bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná.

Ìbéèrè fún òbí àti ọmọ

1. Bí ọ̀nà inú ọgbà bá gùn ní mítà 5, tí ó sì ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, báwo ni òpin rẹ̀ yóò ṣe ga ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ tó?

2. Ẹ wọn ìlẹ̀kùn ilé yín. Báwo ni yóò ṣe ga tó ní ìwọ̀n 1 sí 22.5?

3. Ẹ dárúkọ ohun kan tí wọ́n fi ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní ìgbà ayé yín níbẹ̀. Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀ lónìí?