Ẹja Oníjà Kì í Ṣe Ìkà

Ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ládùúgbò wa na ìka sí gíláàsì kan, ó ní, "Ìyẹn, sà, ìkà ni o. Gbogbo ìgbà ni inú máa ń bí i." Mo wo ẹja náà. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ.

Betta splendens ni, ilẹ̀ Thailand ló ti wá. Lọ́dún 2019, ìjọba ibẹ̀ fi ṣe ẹ̀dá inú omi tó jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè wọn. Pla kat ni wọ́n ń pè é: pla ni ẹja, kat ni gé jẹ. Ohun tó ń fi ẹnu ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò dá sí inú rẹ̀ rárá.

Inú sì ni ọmọkùnrin yẹn ń bá wí. Bí àti inú ló di bínú. Ẹni tínú bí, nǹkan kan ti kọ́kọ́ dùn ún. Ìkà ní tirẹ̀ mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe yóò dun ẹlòmíràn. Ẹja yìí kò sí nínú méjèèjì. Bí akọ bá rí akọ bíi tirẹ̀, yóò fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò na lẹbẹ, kó lè tóbi lójú èkejì. Halẹ̀ là ń pe ìyẹn. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ni kò tíì jà. Béèyàn bá yà fún un, ọ̀rọ̀ tán. Nínú gíláàsì, kò síbi tí èkejì fẹ́ yà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ara wọn jẹ. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Ẹ kíyè sí "gé jẹ" yìí. Jẹ wà níbẹ̀, síbẹ̀ a kò jẹ nǹkan kan: ajá gé Òjó jẹ, Òjó ṣì ń rìn kiri. Nítorí náà, "gé jẹ" kò bá ọ̀rọ̀ ẹja àrọ̀ mu. Nínú ọ̀sìn àrọ̀, èyí tó bá yára tóbi a máa gbé àwọn kékeré mì. Ṣúútà làwọn ọlọ́sìn ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣa ńlá kúrò lára kékeré. Mo máa ń gbọ́ pé "àwọn àrọ̀ ń jà." Rárá o. Ìjà ní alábàájà. Èyí tí wọ́n gbé mì kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Gbèjà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìjà sì wà nínú òun náà. Ẹja kékeré kan wà tí omi gúúsù Nàìjíríà jẹ́ orírun rẹ̀, kribensis lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á, ikùn abo rẹ̀ a sì máa pọ́n. Inú ihò ló ń yé sí. Bó bá ti yé tán, akọ àtabo yóò máa lé ẹja tó jù wọ́n lọ pàápàá. Ẹni tó rà wọ́n á ní ẹja òun ti ya ẹhànnà. Ọmọ ni wọ́n ń gbèjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ẹja oníjà ni kí ẹ máa pe pla kat. Agénijẹ kò tọ́ sí i, nítorí "ẹni" wà nínú rẹ̀, ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ lòun sì ń gé jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é níkà mọ́.