Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Dákẹ́: Bí A Ṣe Lè Wá Ìdí Àìsàn Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ó ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ó wà ní yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Adéyẹmí. Kọ̀ǹpútà ni. Orí rẹ̀ ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, òun ni a sì fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Bí ó bá dákẹ́ nígbà tí ó ku ọ̀la kí ìforúkọsílẹ̀ parí, ọkàn a pòrúúruù. Nígbà náà ni ẹni tí kò mọ ìdí àìsàn ń ra oògùn tí kò bá àìsàn mu. Àwọn àgbà sì sọ pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

ÒFIN MẸ́RIN TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Èkíní, kí á bèèrè ohun tí ó yí padà. Kọ̀ǹpútà tí ó ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín. Ǹjẹ́ a fi ètò tuntun sí i? Ǹjẹ́ iná lọ lójijì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ẹnìkan gbé e kúrò ní àyè rẹ̀?

Èkejì, ohun kan ṣoṣo ni kí á máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pààrọ̀ wáyà, tí a yọ mẹ́mórì, tí a sì pa ètò kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jí, a kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ó ti wà gan-an. “Ó kọ nǹkan kan” kì í ṣe àlàyé.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ara rẹ̀ bá le, kí á máa da iṣẹ́ wa kọ sí ibòmíràn, ìbáà ṣe fláàṣì. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà padà. Iṣẹ́ àṣekágbá ọdún kan kò ṣeé rà lọ́jà.

BÍ OJÚ RẸ̀ BÁ ṢÓKÙNKÙN

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ṣé kọ̀ǹpútà ni kò jí, àbí ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran? Kí á tẹ́tí gbọ́ bóyá fáànù inú rẹ̀ ń yí, kí á wò bóyá iná kékeré ara rẹ̀ ń tàn. Bí kò bá sí èyíkéyìí, kí á yẹ iná wò. Kí á ki ohun mìíràn bọ ihò iná náà láti mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí á wo wáyà tàbí ṣájà.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú sì ṣókùnkùn, kí á tẹ wáyà sìkírínì kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọlé dáadáa ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá ń ké “bíìpù, bíìpù”, ó ń sọ ohun tí ń dùn ún; lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́mórì ni kò jókòó dáadáa. Kí á yọ wáyà iná, kí á fa mẹ́mórì jáde, kí á fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún, kí á sì tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún.

Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí á yọ ṣájà, kí á tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí á dá ṣájà padà, kí á tún un tàn. Bí kò bá yàtọ̀, kí á tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí a bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn sìkírínì ni ó kú. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà láàyè, iṣẹ́ wa kò sì sọnù. Kí á so ó mọ́ tẹlifíṣàn pẹ̀lú wáyà HDMI, kí á tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀, kí á sì yára da iṣẹ́ wa kọ.

Ìkìlọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú sìkírínì àtijọ́ oníkùn ńlá, tàbí àpótí iná inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Iná ṣì máa ń wà nínú wọn lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn.

BÍ ÈTÒ INÚ RẸ̀ BÁ Ń DÀRÚ

Kí á kọ́kọ́ pa á, kí á tún un tàn. Bí ó bá ń wọ́, kí á wò bóyá àyè inú rẹ̀ ti kún, nítorí Windows nílò àyè díẹ̀ láti mí. Bí ó bá jẹ́ ètò tuntun ni ó da á rú, kí á di Shift mú, kí á tẹ Restart, kí á sì wá ọ̀nà Safe Mode níbẹ̀. Àwọn ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe aláìní nìkan ni yóò jí níbẹ̀, a ó sì lè yọ ètò náà kúrò. Kí á ṣọ́ra fún ètò tí a ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Kí á rántí pẹ̀lú pé Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, èyí tí ó kan ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọgbọ́n lára ìdánwò JAMB ti ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, jẹ́wọ́ fún gbogbo ènìyàn pé àṣìṣe kan ba èsì àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Wọ́n ti tún ètò tí ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dé orí sáfà tí ó wà fún àwọn ibùdó náà. Àwọn ọmọ náà ní láti tún ìdánwò ṣe. Ẹ kíyè sí i: ọmọ tí ó kàwé lè gba máàkì ọ̀lẹ nígbà tí àléébù wà nínú ètò. Nítorí náà, kí á máa fi ibi tí ó dára wé ibi tí kò dára. Inú ìyàtọ̀ wọn ni ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà.

BÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ KÒ BÁ WỌLÉ

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ní sọ pé ọ̀nà ti dí kí ó tó wo epo. Láti ilé ni kí á ti máa yẹ ọ̀nà wò lọ sí òde.

(1) Ṣé dátà kù? Kí á tẹ *323# lórí fóònù.

(2) Ṣé fóònù mìíràn lè lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà? Bí ó bá lè lò ó, ọwọ́ kọ̀ǹpútà wa ni àléébù wà. Kí á pa Wi-Fi, kí á tún un tàn. Bí a bá kọ ipconfig tí nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 jáde, kọ̀ǹpútà náà kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà tàbí fóònù.

(3) Kí á kọ ping 8.8.8.8. Bí ìdáhùn bá wá tí ojúewé kò sì ṣí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ohun tí ń sọ orúkọ ojúewé di nọ́ńbà ni ó ṣeé ṣe kí ó ní àléébù.

(4) Ṣé gbogbo àdúgbò ni? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ nítorí èyí lọ́jọ́ náà ṣe wàhálà lásán.

Ohun kékeré kan tún wà tí ń tan ènìyàn jẹ. Bí ojúewé bá ń kìlọ̀ pé ọ̀nà náà kò ní ààbò, kí á wo aago kọ̀ǹpútà. Bí ọjọ́ bá ti padà sẹ́yìn, àwọn ojúewé yóò kọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ti pẹ́, bátìrì CR2032 tí ó rí bí owó ẹyọ ni ó sábà máa ń kú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpútà tuntun.

ỌRỌ̀ INÁ ÀTI TI ONÍṢẸ́

Bí iná bá lọ, kí á yọ wáyà kúrò lára ògiri. Bí ó bá dé, kí á ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ kí á tó ki í padà. Bí ààrá bá ń sán, kí á yọ ti iná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá di dandan kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, kí á kọ́kọ́ kó àwòrán àti ìwé ìkọ̀kọ̀ wa kúrò bí ó bá ṣeé ṣe, kí á sọ ohun tí a ti dán wò, kí á sì ní kí ó fi ohun tí ó bá yọ hàn wá. Ẹni tí ó mọ ìbéèrè tí yóò bi oníṣẹ́ kò rọrùn láti rẹ́ jẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí á máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan?
2. Báwo ni tọ́ọ̀ṣì ṣe lè fi hàn pé kọ̀ǹpútà wà láàyè?
3. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín, kọ̀ǹpútà rẹ kò lè lò ó. Níbo ni ìwọ yóò ti bẹ̀rẹ̀?
4. Ìgbà wo ni o da iṣẹ́ rẹ kọ sí ibòmíràn kẹ́yìn? Bí o kò bá rántí, òní ni kí o ṣe é.