Má Jẹ Ojú Owó Nínú Omi

Ouagadougou,
Ọjọ́ 2, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Bá mi sọ fún ìyá rẹ pé ẹrù tó fi rán awakọ̀ ti dé, èlùbọ́ náà kò sì tú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Nígbà àkọ́kọ́, inú mi dùn pé o ti san owó ọkọ̀, pé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù yìí, èmi pẹ̀lú rẹ ni a óò jọ dúró létí omi. Nígbà kejì ni mo wá gbọ́ ibi tí o ti ní ara rẹ ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta, pé oòrùn tó pa ọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ni. Nígbà kẹta, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò, kí n lè ya àwòrán ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí pé ohùn orí fóònù kì í pẹ́ sọnù. N óò dé orí ọ̀rọ̀ ara gbígbóná yẹn. Ṣùgbọ́n o bi mí bí ìdíje náà ṣe ń rí, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn ná.

Triathlon tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe ní Hawaii, tó ń gba odidi ọjọ́. Kékeré ni: 400 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, 5 kìlómítà lórí ẹsẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sprint fi omi jù wá lọ, 750 mítà ni tiwọn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ àti eré ẹsẹ̀ kò yàtọ̀. Inú písíìnì ni a ti ń wẹ̀. Nígbà tí o bá dé, wàá rí àwọn adágún ńlá tó wà láàárín ìlú, wọ́n sì tutù lójú. Má wọ̀ ọ́ o. Ọ̀nì wà níbẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé àrùn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

O ní ọdún tó kọjá ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ní ọdún 2000 tí wọ́n kọ́kọ́ fi triathlon kún Òlíńpíìkì ní Sydney, níbẹ̀ náà ni Eric Moussambani, ọmọ Equatorial Guinea, ti dá nìkan wẹ 100 mítà, nítorí pé àwọn méjì tí wọ́n jọ tò bẹ́ sómi kí àkókò tó tó, wọ́n sì lé wọn kúrò. Kò tíì pé ọdún kan tó ti ń kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52 ló lò, ó ju ìlọ́po méjì àkókò ẹni tó gba góòlù. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni 50 mítà àkọ́kọ́: ó fi agbára lé e. Nígbà tó ṣẹ́rí padà, apá rẹ̀ kò fẹ́ gbé mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ọ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyá àgbà rẹ ta aṣọ ní ọjà Rood Woko níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ọdún 2003, ẹni tó kó gbogbo ọjà rẹ̀ sí ìsọ̀ kò rí nǹkan fi dìde. Ìyá àgbà fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àńkárá tí kò tíì gbé lọ sọ́jà ló wà nínú rẹ̀. Títí tí wọ́n fi tún ọjà ṣí ní ọdún 2009, ojú owó inú àpótí yẹn ni a ń yí. Ó kìlọ̀ fún wa títí ó fi kú pé kí a má jẹ ojú owó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ triathlon ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú.

Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún 44, mo ṣe tèmi àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 14 ni mo lò nínú omi, ara mi balẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà Loumbila ni a gbà, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá gan-an ló sì kọjú sí. Eruku ń wọ eyín mi. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ níwájú, mo bá ọyẹ́ wọ̀jà, mo ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a ṣẹ́rí, tí ọyẹ́ wá wà lẹ́yìn wa, tó yẹ kí n jẹ́ kí ó máa tì mí lọ kí itan mi sinmi, mo tún tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 48 ni gbogbo rẹ̀. Inú mi ń dùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kò dá mi lóhùn. Itan mi le bí odó, iṣan fà mí lẹ́yìn ẹsẹ̀ títí mo fi jókòó sórí kọ́ńkéré etí gọ́tà. Bàbá kan tó ti lé ní 60 ọdún, tí mo ti kọjá lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni kọjá òkúta, rọra sáré kọjá mi, ó bi mí ní èdè Mòórè pé ṣé laafi ni. (Àlàáfíà tiwa náà ni, ìdí nìyẹn tí ìkíni wọn fi máa ń wọ̀ mí lọ́kàn.) Mo dìde, mo rìn. Ìṣẹ́jú 47 ni mo fi rin 5 kìlómítà. Ohun tó yẹ kí n fi sáré, mo ti ná an sójú ọ̀nà Loumbila.

Nítorí náà, nínú omi, mí kí ó tó rẹ̀ ọ́. Lórí kẹ̀kẹ́, bí o kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, dín in kù. Jẹ́ kí wọ́n kọjá rẹ.

Pàṣípààrọ̀ láàárín omi àti kẹ̀kẹ́ nìkan ló yẹ kí o kọ́ sórí bí orin. Ẹsẹ̀ tútù kì í wọ ìbọ̀sẹ̀. Tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ṣí ẹnu bàtà rẹ gbàgà, da páúdà sínú rẹ̀, fi òrí pa gìgísẹ̀ kí ó má bàa bó. Òrí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, má rù ú wá. Dé àṣíborí, kí o dè é kí o tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, nítorí pé òfin ni. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú àgbàlá yín.

Ní ti ooru, rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cozumel, ní Mẹ́síkò, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Jonny Brownlee ló wà níwájú. Ó ku díẹ̀ kí ó dé òpin, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alistair, tí òun náà ń sáré bọ̀, gbá a mú, ó fà á títí dé òpin, ó tì í síwájú ara rẹ̀. Henri Schoeman ti South Africa ti kọjá wọn ní tirẹ̀, òun ló borí. Ọmọ ìyá méjì yìí ti gba góòlù àti fàdákà ní Rio ní oṣù kan ṣáájú. Bí oòrùn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, kí ni yóò ṣe sí ara tí ibà ti wà nínú rẹ̀?

Àjíkẹ́, ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Òní gan-an ló pé ọdún 65 tí Fausto Coppi kú. Ará Ítálì ni, ó gba Giro d'Italia nígbà márùn-ún, ó gba Tour de France nígbà méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, òun àti Raphaël Géminiani, ọmọ Faransé, wá gun kẹ̀kẹ́ díje níbí, ní Ouagadougou, wọ́n sì lọ ṣọdẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n délé, ara àwọn méjèèjì gbóná. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Géminiani wò, wọ́n rí ibà, wọ́n fún un ní kwìnín. Ní Ítálì, wọ́n rò pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe Coppi. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tó kú. Géminiani kú ní ọdún 2024, ẹni ọdún 99.

Má sọ fún mi pé oòrùn ni. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Lọ ṣe àyẹ̀wò ibà lónìí. Wọ́n á gún ọ ní ìka, ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín ni wọ́n á kán sí i, ìwọ á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bí ìlà méjì bá yọ, ibà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lo oògùn náà pé, má gun kẹ̀kẹ́, má sì wọkọ̀. N óò san owó ọkọ̀ rẹ padà. Ọdún tó ń bọ̀ ni a óò tún ṣe é, ibi kan náà, omi kan náà, èmi yóò sì dúró dè ọ́.

Ya àwòrán àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò ní sùn títí n óò fi rí i.

Èmi ni,
Màmá rẹ ní Ouaga.