Làákàyè Kì í Bá Ìkánjú Rìn

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ohun tí ó ń mú kí ìrònú ènìyàn já gaara. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé orí pípé ni, tàbí ìwé kíkà. Àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ohun tí ojú wa rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2014 jẹ́ ẹ̀rí sí èyí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ibà ni àìsàn rẹ̀ kọ́kọ́ jọ. Ibà ni gbogbo wa mọ̀. Àrùn Ebola kò tíì wọ ilẹ̀ wa rí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh rí i pé àpẹẹrẹ àìsàn náà ju ti ibà lọ. Ó bi aláìsàn náà bóyá ó ti fara kan ẹnikẹ́ni tí ó ní Ebola; ó ní rárá. Dókítà kò bá a jà, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà tì síbẹ̀: ó ní kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì yà á sọ́tọ̀. Àwọn aláṣẹ kan láti Làìbéríà ń fi dandan béèrè pé kí ó jọ̀wọ́ ọkùnrin náà, ó kọ̀. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé Ebola ni.

Dókítà náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé a tètè mọ ibi tí àrùn náà ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè wá àwọn tí ó ti fara kàn án kiri. Ènìyàn 20 péré ni ó mú ní Nàìjíríà. 8 kú nínú wọn.

Nínú oṣù Kẹjọ kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má baà mú wa. Àwọn tí ó mọ̀wé ni ó kà á. Ìfẹ́ ẹbí ni wọ́n sì fi ń fi í ránṣẹ́. Síbẹ̀, ìròyìn fi yé wa pé iyọ̀ náà pa àwọn kan.

Ẹ̀rù kan náà ni ó ba tọ̀tún tòsì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni sùúrù láti béèrè, ìmúratán láti yẹ èyí tí ó wù wá láti gbàgbọ́ wò, àti ìgboyà láti dúró ti òótọ́ nígbà tí ó bá ni wá lára. Àwọn baba wa ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 17 sì yin àwọn ará Béríà, tí wọ́n fi ayọ̀ gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ tí wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí a bá lè yẹ ọ̀rọ̀ àpósítélì wò láìṣẹ̀, mélòó-mélòó ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó bá fi ìtẹríba béèrè pé, “Báwo ni a ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni?” kò ṣe àfojúdi. Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a kò bá lò ní ọjọ́ ìjayà, inú ìwé ni ó wà; kò tíì dé ọkàn wa.