Ìyapa, Jíjù àti Híhán: Àbá Ọ̀rọ̀ fún Ètò Àfikún Outlook

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi pe exception nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. “Àṣìṣe” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Àṣìṣe ni kí ẹni tí ó kọ ètò kọ ohun tí kò tọ́. Exception a máa ṣẹlẹ̀ bí ètò kò tilẹ̀ ní àléébù: ètò lè fẹ́ ṣí fáìlì tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́. Iṣẹ́ náà ni ó yapa kúrò lójú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, “ìyapa” ni a dábàá.

Nínú èdè C#, throw ni a fi ń rán ìyapa jáde, catch ni a fi ń gbà á. “Jù” àti “hán” bá wọn mu. “Mú” kò tó, nítorí pé a lè mú ohun tí ó dúró sójú kan. Ohun tí a jù ni a ń hán.

Ìwúlò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hàn nínú ètò àfikún tí a fi .NET kọ fún Outlook, ètò ímeèlì Microsoft. .NET, tí ó jáde ní 2002, ni ó ń bójú tó irú ètò àfikún bẹ́ẹ̀. Òun ni ó sì ń gbé ìyapa kiri títí yóò fi rí ibi tí a ti hán an. Outlook fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ àbójútó yìí. COM ni ibodè àárín wọn, ìyapa kò sì lè kọjá níbẹ̀: nọ́ńbà lásán ni a ń sọ ọ́ dà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí lẹ́tà wọlé, Outlook lè má sọ ohunkóhun, iṣẹ́ àfikún yóò sì dúró láìparí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí àfikún ń bẹ̀rẹ̀, Outlook lè yí LoadBehavior rẹ̀ padà láti 3 sí 2, kí ó má sì gbé e dìde mọ́.

Nítorí náà, gbogbo ẹnu ọ̀nà tí Outlook ń gbà pe àfikún ni ó yẹ kí a ti hán ìyapa, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fáìlì. Kí a hán an kí a sì dákẹ́ kò sàn ju kí a má hán an lọ.

Bí olùkọ́ bá pè é ní àṣìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ẹni tí ó jẹ̀bi. Bí ó bá pè é ní ìyapa, yóò béèrè ibi tí ó yẹ kí a ti hán an.