Ọwọ́ Tó Ń Gbà àti Ọwọ́ Tó Ń Fúnni

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́
Bíbélì kíkà: Deuterónómì 30:11-20, Fílípì 2:1-13
Àkọ́sórí: Fílípì 2:4
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ wa láti yàn, kí a sì yàn án.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jìnnà sí wa lẹ́nu bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwà ẹni: “Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn,” tàbí “Bí orí mi ṣe yàn án nìyẹn.” Ẹni tí ìbínú rẹ̀ ń tú ilé ká a máa sọ ọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le sí aládùúgbò a máa sọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé kò sí ohun tó kù fún wa láti yàn, Ọlọ́run kò sì ní ohun tí yóò bi wá léèrè. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

1. OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA SỌ NÍPA ORÍ

Kí ìhìn rere tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹ̀dá tó wá sáyé, yóò kọ́kọ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá tó ń mọ orí bí ẹni mọ ìkòkò. Nínú ìtàn Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Orísẹ̀ẹ́kú, Oríléèmèrè àti Afùwàpẹ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú lọ, wọ́n mú orí tó dára lójú ṣùgbọ́n tí iná kò jó dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Lójú ọ̀nà ó bá bàbá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì fún un ní iyọ̀. Ọbẹ̀ dùn, inú bàbá dùn, òun ló sì mú un dé ilé Àjàlá, tó ràn án lọ́wọ́ títí ó fi rí orí rere gbà.

Àwa kì í bọ orí. Jésù ni Olúwa wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí iyọ̀ inú ìtàn náà. Ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn ni ó rí ìrànlọ́wọ́; àwọn tó sáré tira wọn nìkan ni òjò bà jẹ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ti orí, tí wọ́n ní bí orí ṣe dára tó, ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé ló ń dé. Nítorí náà, àwọn baba wa pàápàá kò fi orí ṣe àwáwí bí àwa ti ń fi í ṣe é lónìí.

2. OHUN TÍ ÀWỌN ỌLỌ́GBỌ́N JÚÙ SỌ

Láàrin àwọn Júù, tí Olúwa wa ti inú wọn wá nípa ti ara, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kàbálà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn ni “ohun tí a gbà”. Isaac Luria, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, kọ́ni ní ìlú Safed ní Gálílì, ó sì kú ní ọdún 1572. Ó ní kí ayé tó wà, Ọlọ́run ni ó kún ibi gbogbo, nítorí náà Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí àyè lè wà fún ẹ̀dá, bí ìyá ti í sún lórí ẹní kí ọmọ lè rí ibi sùn.

Ní ayé tiwa níhìn-ín, Rábì Yehuda Ashlag, tí a bí ní ọdún 1885, tó sì kú ní ọdún 1954, kọ́ni ní Jerúsálẹ́mù pé ìwà Ọlọ́run ni fífúnni, ìwà ẹ̀dá sì ni fífẹ́ gbà. Kò pe fífẹ́ gbà ní ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni yóò bá ọmọ ọwọ́ wí pé ó fẹ́ mu ọmú? Ibi tí ó ti di ìmọtara-ẹni-nìkan ni ibi tí ohun tí a gbà kò ti kọjá ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ó fi àlejò ṣe àpẹẹrẹ. Onílé gbé oúnjẹ kalẹ̀, ojú ń ti àlejò láti jẹ ẹ́. Onílé bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní nítorí rẹ̀ ni òun ṣe sè é. Nígbà tí àlejò wá jẹun kí inú onílé lè dùn, gbígbà rẹ̀ ti di fífúnni. Àwa tí a máa ń gúnyán fún àlejò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ashlag tún kìlọ̀ pé ìmọtara-ẹni-nìkan lè sá pamọ́ sínú ọrẹ. Bí a bá fúnni kí a lè pe orúkọ wa lórí gbohùngbohùn, ìyìn ni a ń rà.

Nípa òmìnira, ó ní púpọ̀ nínú ohun tí a jẹ́ ni a kò yàn: òbí wa, ara wa, ìwà tí a jogún. Ibi tí òmìnira wa wà jù ni irú àwọn ènìyàn, olùkọ́ àti ìwé tí a bá fi ara wa sí àárín wọn. Àwa Yorùbá náà mọ èyí, nítorí àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹni tí a bí sórí òkè Ọ̀kà kò yan òkè náà, ṣùgbọ́n òun ni yóò yan ẹni tí wọn yóò jọ máa gùn ún.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni di ọmọ ẹ̀yìn Kàbálà. Àwa ti rí Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di òfìfo nítorí wa, bí Fílípì orí kejì ti wí.

3. OHUN TÍ WESLEY FI LÉ WA LỌ́WỌ́

Ní ọdún 1739, ní ìlú Bristol, John Wesley wàásù lórí oore-ọ̀fẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn kan ń kọ́ni nígbà náà pé Ọlọ́run ti yan àwọn kan fún ìyè, Ó sì ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ìparun. Wesley kọ̀ ọ́. Ó ní oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn, ó sì máa ń ṣáájú wa kí a tó mọ Ọlọ́run rárá, débi pé kò sí ẹni tó lè ní òun kò rí agbára láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Whitefield yapa nínú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò kú. Nígbà tí Whitefield kú ní ọdún 1770, Wesley ló wàásù ìrántí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1785 ó tún ṣàlàyé Fílípì 2:12-13: nítorí pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ nínú wa, a lè ṣiṣẹ́, nítorí pé Ó ń ṣiṣẹ́, ó di dandan kí a ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo bí kíláàsì wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ará Bristol. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní kọ́bọ̀. Òmíràn ní àwọn tálákà kò lè san án. Èkínní dáhùn pé kí wọ́n fún òun ní mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù. Ẹni tí kò bá lè san, òun yóò san tirẹ̀. Bí àwọn olórí ti ń lọ láti ilé dé ilé gba owó ni wọ́n ń rí bí olúkúlùkù ti ń gbé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọkàn wọn pẹ̀lú. Láti inú “èmi yóò san tirẹ̀” ni kíláàsì ti jáde.

4. BÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ ṢE KÀN WÁ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí a bá kéde aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè, opó kan a máa dákẹ́. Ní Sunday kejì kò wá. Ní oṣù kejì a ti gbàgbé àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e. Olúkúlùkù wa kàn ra tirẹ̀ ni. Ìmọtara-ẹni-nìkan kì í sábà pariwo. Ẹni tó kó àjọ tán tí kò dá mọ́ kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ti pa àjọ. Àgbẹ̀ tó jẹ gbogbo iṣu tí kò fi èèbù sílẹ̀, kí ni yóò gbìn bí òjò bá rọ̀?

Àwa tí a ti ṣe tíṣà fún ọdún púpọ̀ mọ̀ pé ọmọ kì í dàgbà nínú ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdàgbàsókè ẹ̀mí. Nítorí náà a dábàá ohun mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ tó kéde aṣọ tàbí owó, kí olórí kíláàsì kọ́kọ́ mọ ẹni tí kò ní lè ṣe é. Kí a san tirẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Bí arábìnrin kan kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni méjì dé ilé rẹ̀, kí wọ́n má mú ìwé owó dání.

Ní ọdún 1755 ni Wesley kọ́kọ́ ṣe Ìsìn Májẹ̀mú ní Lọ́ńdọ̀nù, tí nǹkan bí 1,800 ènìyàn dìde dúró láti fi ara wọn fún Ọlọ́run. Ọdọọdún ni àwa náà ń dìde. Ẹni tí orí ti yan gbogbo nǹkan fún kò nílò àtidìde. A ń dìde nítorí pé a lè yàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ohun tí a kò yàn nínú ayé wa? Kí ni èyí tí a lè yàn lọ́sẹ̀ yìí?
2. Báwo ni gbígbà ṣe lè di fífúnni nínú ilé wa àti nínú ọjà?
3. Ta ni kò sí lórí àga rẹ̀ lónìí? Ta ni yóò lọ kí i?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o fún wa ní ohun gbogbo, má jẹ́ kí ó dúró lọ́wọ́ wa. Kọ́ wa láti yàn bí Jésù ti yàn. Àmín.