ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ta Ló Ṣẹ̀ Tí Ọmọ Yìí Kò Fi Mọ Pupa?

  

Ibi kíkà: Jòhánù 9:1-3

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó máa bá mi lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú. Wọn ò béèrè bó ṣe ń jẹun, wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe òbí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pa ẹjọ́ yẹn tì kó tó fọwọ́ kan ojú ọkùnrin náà.

Irú ìbéèrè yẹn ò jìnnà sí ẹnu àwa náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá wa ní oko kòkó lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la máa ń bá a ká kòkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oko mọ̀ pé èyí tó pọ́n nìkan là ń ká. Èyí tí kò tíì pọ́n, tí ẹ bá fọ́ ọ, hóró rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, wàhálà ọdún kan ti ṣòfò nìyẹn. Ẹ sì wo èdè wa: tí èso bá tó ká, a ní ó "pọ́n". Àwọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi máa ń ká tútù mọ́ èyí tó pọ́n. Bàbá á ní, "Ṣé o fọ́jú ni?" Ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ ni. Èmi ni mo sọ fún bàbá pé irọ́ ló ń pa, pé ọ̀lẹ ni, kò kàn fẹ́ wá sóko. Bàbá ò dúró gbọ́ tirẹ̀ tán, ó nà án. Kí n má purọ́ fún yín, ìyìn tí bàbá fi ń yìn mí lẹ́yìn ìyẹn dùn mọ́ mi. Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ni mo ro ẹjọ́ ẹnìkan yẹn.

Àwọn ará ilé tún dá tiwọn sí i. Wọ́n ní àbúrò ìyá wa ọkùnrin náà kì í mọ aṣọ pupa yàtọ̀, nítorí náà nǹkan burúkú kan ló wà nídìí ìyá wa. Ìyá wa sunkún títí.

Àbúrò mi dàgbà, ó wá iṣẹ́ lọ síbì kan, wọ́n ní kó ṣe àyẹ̀wò ojú. Wọ́n ṣí ìwé kan níwájú rẹ̀ tí àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀, nọ́ńbà fara pamọ́ sáàárín wọn. Dókítà kan ní ilẹ̀ Japan, Shinobu Ishihara, ló gbé irú ìwé yẹn jáde ní 1917. Àwọn yòókù ń ka nọ́ńbà, àbúrò mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ó ríran dáadáa o, pupa àti àwọ̀ ewé ni ojú rẹ̀ kò lè yà sọ́tọ̀. Òyìnbó ń pè é ní colour blindness. Ó pè mí lórí fóònù, ó sọ fún mi. Ẹnu mi wọhò.

Kí ló ń fà á? Ọlọ́run fi oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sẹ́yìn ẹyinjú wa fún àwọ̀. Tí ọ̀kan ò bá sí, tàbí tí méjì bá ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, pupa àti àwọ̀ ewé á dàrú mọ́ra. Àbímọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti máa ń dé ara ọmọkùnrin, bí ìyá náà tilẹ̀ ń rí gbogbo àwọ̀ kedere. Láàárín àwọn òyìnbó, bíi ọkùnrin 1 nínú 12 ló ní in. Láàárín àwa adúláwọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Nítorí náà, òótọ́ ni àwọn ará ilé wa sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Ìyá wa ò yàn án, bí kò ṣe yàn bí imú wa ṣe rí. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ègún.

Ẹ ti rí fídíò awò ojú kan lórí Facebook, àbí? Wọ́n á fi wọ ẹnìkan, ẹni náà á bú sẹ́kún. Awò yẹn wà lóòótọ́. Don McPherson, ará Amẹ́ríkà kan tó mọ iṣẹ́ gíláàsì, ń ṣe awò tí àwọn dókítà fi ń dáàbò bo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń fi laser ṣiṣẹ́ abẹ. Ní 2005, ó wọ ọ̀kan lọ síbi eré lórí pápá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá a wò, ló bá rí àwọn àmì olómi ọsàn tí wọ́n fi pààlà pápá, tí ojú rẹ̀ kì í yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ EnChroma ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Awò náà kò fi àwọ̀ kankan kún ojú, yíyọ ló ń yọ. Ìmọ́lẹ̀ kan wà láàárín pupa àti àwọ̀ ewé tó ń da méjèèjì pọ̀. Awò náà á dí i lọ́nà, kí èyí tó kù lè yà síra. Ohun tó dí èmi lójú lọ́jọ́sí ni ìyìn bàbá mi. Tí Ọlọ́run bá fẹ́ ká rí ọmọnìkejì wa kedere, nígbà míì, Ó máa ń yọ nǹkan kúrò lójú wa ni: ìlara, ìgbéraga, mo-ti-mọ̀-ọ́n-tán. Ẹ tún lọ ka Mátíù 7:3-5.

Ṣùgbọ́n n kò ní í fi fídíò tàn yín. Awò náà kì í ṣe ìwòsàn. Tí ẹ bá bọ́ ọ, ojú padà sí bó ṣe wà. Kò sì ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Granada ní Spain yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ó lè mú kí àwọ̀ kan hàn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ojú náà di ojú tó ń rí gbogbo àwọ̀.

Ìbátan wa kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi láti òkè òkun. A jọ lọ sóko. Ó wo kòkó títí, kò sunkún. Ó ní, "Ó yàtọ̀ díẹ̀." Ó bọ́ ọ, ó fi ìka gbá kòkó kan, ó tẹ́tí sí i, ó ní, "Èyí ti pọ́n." Ó sì tọ̀nà. Láti kékeré ló ti kọ́ ara rẹ̀ ní fífi etí mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà nà án mọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá wa ti lọ, n kò lè bá a sọ ọ́ mọ́. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti gbà mí gbọ́ báyìí. Ó ti tó."

Ohun ṣíṣe lónìí: Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, tí ọmọ bá ń ṣi àwọ̀ mú, ẹ má na pàṣán. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí, kí ẹ sì gbà á gbọ́. Ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Ẹ̀ka ojú wà ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀. Ẹ má ra awò kankan kí wọ́n tó yẹ ojú wò. Ẹ kọ́ ọ pé ní iná ojú pópó, pupa ló wà lókè, àwọ̀ ewé ló wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá sì ti dá ẹnìkan lẹ́bi rí lórí ohun tí kò lè rí, ẹ pè é lónìí, nígbà tó ṣì wà láyé.

Àdúrà: Olúwa, yọ ohun tó ń dí mi lójú kúrò. Dárí ìdájọ́ tí mo fi ìkánjú ṣe jì mí. Jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ọmọ mi kí n tó sọ̀rọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kan tí ẹ mọ̀.